Ọkọ̀ Dúdú Rẹ, Sínóò Tó Ń Bọ̀, àti Ohun Tí Mo Fi Pamọ́ fún Ìyá Rẹ

University Heights, Bronx,
Ọ̀sán ọjọ́ Ajé.

Fọlákẹ́ Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ara mi le, ara ìyá rẹ náà le, a dúpẹ́. Ọkàn mi nìkan ni kò dúró sójú kan láti àná, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, wàá ní "Okay, Daddy," wàá sì máa fọ abọ́ rẹ lọ. Ìwé kò ṣe é dá lóhùn bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé wàá lè kà á, torí ìyá rẹ kò fi Bíbélì àti ìwé orin Yorùbá kọ́ ọ lásán. Ibi tí àmì ohùn bá ti dí ọ lọ́wọ́, kà á sókè, etí rẹ yóò bá ọ dá a mọ̀.

Lánàá, nígbà tí o gbé ọkọ̀ tuntun rẹ wá láti East Flatbush lẹ́yìn ìsìn kí á lè rí i, inú mi dùn. Jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí o má bàa rò pé inú ń bí mi. Ọmọ mi gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń lọ tọ́jú àwọn aláìsàn nínú ilé wọn, ó fi òógùn ojú ara rẹ̀ ra ọkọ̀, ó sì gbé e wá sílé kí á gbàdúrà sí i. Mo gbàdúrà. Ìyá rẹ kọrin. Àwọn aládùúgbò yọrí lójú fèrèsé. Ọkọ̀ dúdú, tó ń dán, tó ní àga aláwọ tó ń móoru fúnra rẹ̀! Ṣùgbọ́n bí mo ti ń gbàdúrà yẹn, ojú mi kan là sílẹ̀, táyà ló ń wò.

Mo bi ọ́ pé, "Fọlákẹ́, táyà wo ló ń mú ọkọ̀ yìí rìn? Ti iwájú ni àbí ti ẹ̀yìn?"

O rẹ́rìn-ín. O ní, "Ah, Daddy! Mi ò mọ̀ o. Ó ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ bí sínóò bá bọ́, ẹ wò ó níbí. Ọkùnrin yẹn ní kò sí wàhálà."

"Ọkùnrin wo?"

"Ẹni tó tà á fún mi."

Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó ta ọkọ̀ fún ọ ló jẹ́rìí pé ọkọ̀ náà dára. Ta ni ì bá tún jẹ́rìí rẹ̀?

Nígbà tí ìwọ àti ìyá rẹ gòkè lọ jẹun, mo ní mo fẹ́ lọ wo àpótí lẹ́tà. Irọ́ ni. Wọn kì í mú lẹ́tà wá lọ́jọ́ Àìkú. Mo mú awò ojú mi àti tọ́ọ̀ṣì, mo sì lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ lórí títì. Obìnrin kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá dúró wò mí dáadáa, mo rò pé olè táyà ló pè mí. Mo rí ọ̀pá irin gígùn tó ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, mi ò sì rí èyí tó lọ sí táyà iwájú. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ náà fi ń rìn, iwájú kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Mo rí i pé táyà ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ. Mo rí i pé táyà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìlà ara wọn kò jìn ju ti ara òrombó tí wọ́n bó lọ. Mo sì bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣí búùtù fún mi nígbà tí o ń lọ, o rò pé mo fẹ́ fi iṣu sí i ni. Mo fi iṣu sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo wá wo táyà àpamọ́ ni, kò sì sí ọ̀kan níbẹ̀.

Wọ́n máa ń ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ìwọ rí ekòló lánàá. Èmi rí ejò. Jẹ́ kí n sọ fún ọ ibi tó ti bù mí jẹ.

Nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, mo ní iṣẹ́ kan ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọkàn mi sì gbéra sókè ju iṣẹ́ náà lọ. Mo ti ka ìwé jáde nílé. Mo ti wakọ̀ láti Ìbàdàn dé Èkó láìmọye ìgbà. Ní Bronx níbí, ọkọ̀ ojú irin ni mo ń wọ̀ pẹ̀lú báàgì oúnjẹ lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí. Ọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa ní Tremont, Bọ̀dá Bíọ́dún, ẹni tó ń kọ báàsì, ohùn ìsàlẹ̀, nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní ọkọ̀ ńlá kan, àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tó gbó, ó ń fi ẹ̀yìn rìn gẹ́gẹ́ bíi tìrẹ. Lójijì, bí òtútù ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tà á.

Mi ò bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà òtútù ló fẹ́ tà á. Wò ó dáadáa, Àbẹ̀kẹ́: ẹni tó ti lo ọkọ̀ ní sínóò lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń sá fún ẹlẹ́ẹ̀kejì, òun ló ń tà á fún mi, èmi sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò, wo táyà rẹ̀, ó dúdú mìnìjọ̀. Fi àpò iyanrìn méjì sí búùtù, ó parí. Ṣé ìwọ náà ò mọ ọkọ̀ wà ni?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló mú mi. Bí ènìyàn bá fẹ́ tan ọkùnrin, kó sáà ní kò mọ ọkọ̀ wà.

Nítorí náà, èkíní: fura sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. O rí ọmọlanke nígbà tí a lọ sí Ìbàdàn, kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n máa ń fọwọ́ tì. Nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹni tó ń tì í ń ti ẹ̀yìn, imú kẹ̀kẹ́ ń lọ síbi tó wù ú. Bí ọkọ̀ rẹ ti rí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tó wúwo wà níwájú, táyà tó ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn níbi tó fúyẹ́. Bí o bá tẹ gáàsì lójijì lórí sínóò, táyà ẹ̀yìn á kàn máa yí lójú kan, ìdí ọkọ̀ á sì fẹ́ wá síwájú bí ọmọ tó fẹ́ ṣáájú bàbá rẹ̀. Iyanrìn inú búùtù ń fi ẹrù kún un ni, kò fún táyà ní eyín. Bọ́tìnnì tí o fi hàn mí náà, ẹ́ńjìnnì ló ń bá wí kó rọra, kò lè bá táyà sọ̀rọ̀.

Èkejì: fura sí ohun tí wọ́n kọ sára táyà, kí o sì kà á fúnra rẹ. Wọ́n á sọ fún ọ pé èyí jẹ́ táyà gbogbo ìgbà. Kò sí aṣọ kan tí ènìyàn ń wọ̀ ní gbogbo ìgbà. Táyà ẹ̀ẹ̀rùn tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ nísinsìnyí á le gbandi bí òtútù bá ti mú, kódà kí sínóò tó bọ́, á sì máa yọ̀ lórí títì gbígbẹ. Ohun tí o fẹ́ ni táyà tí wọ́n ya òkè onígun mẹ́ta sí lára, tí òdòdó sínóò kékeré kan tó dà bí ìràwọ̀ sì wà nínú òkè náà. Bí o kò bá rí àwòrán yẹn, tí ẹni tó ń tà á ń fi lẹ́tà méjì, M àti S, hàn ọ́ pé ó dúró fún ẹrọ̀fọ̀ àti sínóò, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o máa lọ. Lẹ́yìn náà, wá nọ́mbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìlà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. Táyà máa ń darúgbó nínú ilé ìkẹ́rùsí bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ lò ó. Wọ́n sì lè fi òróró pa á kó máa dán.

Rafael ló kọ́ mi ní kíkà yẹn. Jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Ará Dominican ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù táyà ní Jerome Avenue, lábẹ́ ojú irin tó gba orí òpó kọjá lókè. Mo gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ kó bá mi fún táyà kan ní afẹ́fẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ẹ̀gbẹ́ táyà, ó wo inú ọkọ̀ níbi tí o jókòó sí, ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó nìyí?"

Mo ní, "Mẹ́rin."

Ó ní, "Táyà yìí dàgbà jù ú lọ. Sínóò ń bọ̀, ọ̀gá. Mẹ́rin lo máa rà, táyà sínóò, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà."

Mo bínú. Mo sọ nínú mi pé mo ti mọ irú ẹ̀yin wọ̀nyí. Mo wá fẹ́ afẹ́fẹ́, ó ń ta táyà mẹ́rin fún mi. Mo ní, "Ẹ̀yìn ló fi ń rìn. Méjì fún ẹ̀yìn ti tó."

Ó mi orí. "Rárá o. Bí o bá fi sí ẹ̀yìn nìkan, á lọ, ṣùgbọ́n kò ní dúró, kò sì ní yà. Bí o bá fi sí iwájú nìkan, ìdí rẹ̀ á yí po. Mẹ́rin ni, àbí kí o gbé e kalẹ̀ kí o wọ train."

"Méjì," ni mo wí.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Nítorí ọmọ yẹn, mo bẹ̀ ọ́."

"Méjì!"

Ó ṣe é bí mo ti wí. Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ìfura tó wà nínú ara mi, orí Rafael ni mo dà á lé, torí pé èdè rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, torí pé ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ̀rá ọkọ̀. Fún Bíọ́dún tó ń pè mí ní àbúrò, kò ṣẹ́kù ẹyọ kan. Ìfura ni oògùn àgbà, ṣùgbọ́n oògùn tí a fi sí ojú tí kò dùn wá, tí a fi ojú tó ń dùn sílẹ̀, kí ló wò sàn?

Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ béèrè pé, "Ẹ ti pààrọ̀ táyà?" Mo ní, "Mo ti pààrọ̀ rẹ̀." Ó ní, "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Mo ní, "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Èmi gan-an kò mọ ìdí tí mo fi purọ́. Bóyá nítorí pé mo ti rí ojú Rafael.

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, sínóò bọ́ mọ́jú ọjọ́ Àìkú. Òjò dídì ni Bíbélì pè é, ó sì lẹ́wà láti ojú fèrèsé. Ó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá rẹ ti wọṣọ tán, torí pé òun ló máa ka ẹ̀kọ́ kìíní lọ́jọ́ náà, ó sì ti ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ Ẹtì. Mo wo ìta, ọkàn mi ní kí á jókòó.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Fọlákẹ́, ẹ jẹ́ ká lọ. Ṣebí táyà sínóò ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀?"

Kí ni kí n wí? Ẹni tó ti sọ pé mẹ́rin ni kò lè wá sọ pé méjì ló ń ba òun lẹ́rù. A gbé ọ sẹ́yìn, a dè ọ́ mọ́ àga rẹ, a sì gbéra.

Ohun tó pa mí ni pé ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ṣe dáadáa. Ó gun òkè àdúgbò wa bí ewúrẹ́. Àwọn ọkọ̀ mìíràn ń yí táyà lójú kan, èmi ń kọjá lára wọn, mo ń rẹ́rìn-ín. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Lẹ́yìn náà ni a yà sí Burnside, níbi tó ti ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí Jerome Avenue. Iná pupa tàn nísàlẹ̀. Mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà ò gbọ́. Mo yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Táyà iwájú yí, mo mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ mi pé ó yí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń lọ tààrà bí ẹni tó ní ibì kan tó ń lọ. Mo tún yí i. Mo ń pariwo, "Jésù, Jésù." Kò sáré rárá, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè bá a rìn. Òpó irin tó gbé ojú irin dúró ló ń bọ̀ wá bá wa díẹ̀díẹ̀.

Ìyá rẹ tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn, ó na ọwọ́ ọ̀tún láàárín àga méjì, ó fi dì ọ́ mú ní àyà.

Bí a ti kọlù ú, ohun gbogbo dákẹ́, àfi train tó ń kọjá lókè orí wa. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ. O ń rẹ́rìn-ín. O ní, "Again! Daddy, again!" O rò pé eré ni. Ìyá rẹ náà fẹ́ rẹ́rìn-ín kí ẹ̀rù má bàa bà ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò padà wá. Ó so kọ́ síbẹ̀ bí aṣọ.

Rafael ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ó wo táyà iwájú, ó wò mí. Mo ń retí kó sọ ọ́. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo ìyá rẹ, ó sì gbé ọ jáde.

Èyí ló mú mi dé ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, mi ò mọ ibi tí mo kà á dé mọ́: mẹ́rin. Mẹ́rin ni, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá ní méjì tó, ìbáà ṣe èmi, má gbọ́. Torí pé ti ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ lára ọkọ̀ rẹ, béèrè bóyá ìwọ̀n kan náà lè wọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìgbà òtútù, èyí tí kò fẹ̀ jù, torí táyà tóóró máa ń gé sínóò dé ilẹ̀, èyí tó fẹ̀ ń léfòó lórí rẹ̀. Ìwọ̀n tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ya àwòrán rẹ̀ kí o tó jáde nílé, má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ láti orí. Tètè ṣe é kí òtútù tó dé. Lọ́jọ́ tí sínóò bá bọ́, ìlà á gùn, ohun tó ṣẹ́kù ni wọ́n á sì tà fún ọ.

Nípa wíwa ọkọ̀ náà, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Tẹ gáàsì bí ẹni pé ẹyin wà lábẹ́ bàtà rẹ. Fi àyè sílẹ̀ níwájú, kí o tún fi ìlọ́po rẹ̀ kún un. Bí ìdí ọkọ̀ bá fẹ́ yọ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí gáàsì, má tẹ bíréèkì lójijì, wo ibi tí o fẹ́ lọ, kí o sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tẹ̀ lé ojú rẹ. Má wo òpó. Ohun tí ènìyàn bá ń wò ló ń lọ bá. Bí iwájú ni kò bá gbọ́ràn, má ṣe bíi tèmi tí mo ń yí sítíárìn sí i. Dá a padà díẹ̀ kí táyà lè rí ilẹ̀ mú. Bó bá di pé o gbọ́dọ̀ dúró, tẹ bíréèkì rẹ kí o sì dì í mú. Á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, má bẹ̀rù, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Fura sí orí afárá, òun ló ń kọ́kọ́ dì. Fura sí abẹ́ ojú irin níbi tí oòrùn kì í dé. Fura jù lọ sí títì tó dúdú tó ń dán bí ẹni pé omi lásán ló wà lórí rẹ̀. Gbọn sínóò kúrò lórí òrùlé ọkọ̀, kí o sì gbẹ́ ẹ kúrò nídìí páìpù èéfín kí o tó tan ẹ́ńjìnnì, torí èéfín tó bá dí lẹ́yìn, inú ọkọ̀ ló ń wá.

Ọjọ́ mìíràn á sì wà tí kò yẹ kí o jáde rárá. Pe ọ̀gá rẹ. Bó bá bínú, jẹ́ kó bínú. Aláìsàn tó ń dúró dè ọ́ fẹ́ kí o dé ni, kò fẹ́ gbọ́ ìròyìn rẹ.

Mo ti sọ gbogbo ìyẹn tán, ó sì ku ọ̀kan tí mo ti ń yí po láti òkè ìwé yìí wá.

O kéré jù láti rántí ọjọ́ náà, a sì sọ fún ọ pé yìnyín ló mú ìyá rẹ ṣubú. O mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kì í gòkè kọjá èjìká. O mọ̀ pé ó wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà kan rí tí kò sì parí rẹ̀. Nígbà tí o bi í léèrè, ó ní, "Iṣẹ́ náà sú mi." Ọwọ́ tí kò lè gbé aláìsàn ni kò jẹ́ kó parí rẹ̀, èmi ni mo sì ba ọwọ́ náà jẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú pílásítà tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀ tó kán, a délé lọ́sàn-án, ó kúnlẹ̀ níwájú mi nínú pálọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo ní ká lọ. Ì bá ṣe pé mi ò fẹ́ kàwé lójú ìjọ, ọkọ̀ yín ì bá má bàjẹ́." Ó ń tọrọ àforíjì ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo wo ọwọ́ yẹn tó tín-ín-rín bí igi. Àyè wà láti sọ òtítọ́, Àbẹ̀kẹ́, àyè tó fẹ̀. Mo ní, "Dìde. Mo ti dárí jì ọ́."

Láti ìgbà náà wá, kò tún bẹ̀ mí pé kí á lọ sí ibikíbi mọ́. Bí mo bá ní ká lọ, a lọ. Bí mo bá dákẹ́, ó jókòó. O máa ń sọ pé Mummy ní sùúrù. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Nígbà tí mo rí ọ lánàá tí o jókòó sínú ọkọ̀ yẹn, tí ìyá rẹ fi ọwọ́ òsì juwọ́ sí ọ, mo mọ̀ pé ọjọ́ náà ti pé. Ìmọ̀ràn táyà tí mo bá fún ọ láìsọ èyí, irú èyí tí Bíọ́dún fún mi ni. Ìyá rẹ ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bó bá dé, màá fi ìwé yìí lé e lọ́wọ́ kó kà á kí o tó rí i.

* * *

Ó ti kà á.

Ó jókòó láìbọ́ kóòtù. Ó ka ojú ewé tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Mẹ́rin lẹ wí fún mi."

Mo ní, "Méjì ni."

"Mo kúnlẹ̀ fún yín."

"O kúnlẹ̀."

Ó gbé ìwé náà lé orí tábìlì, ó ní, "Ẹ dá ẹ̀bẹ̀ mi padà fún mi."

Mi ò mọ bí a ti ń dá ẹ̀bẹ̀ padà. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, èmi tí orúnkún mi ń dùn mí. Mo ní, "Ẹ̀bẹ̀ rẹ nìyí. Tèmi nìyí lórí rẹ̀." Kò ní kí n dìde. Ó kọjá lára mi lọ sí kíṣìnì, mo gbọ́ tí ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi ń dà, ó ń dà, kò fọ nǹkan kan. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Ó ní, "Ẹ dìde. Mi ò tíì dárí jì yín, kí ẹ má ṣe rò pé mo ti ṣe é. Ẹ dìde kí ẹ parí ìwé ọmọ, kí ó lè rí i gbà kí òtútù tó mú. Ní Sátidé, a jọ máa bá a lọ síbi táyà. Èmi ni màá ka nọ́mbà rẹ̀."

Òun ló sọ ọ́, Àbẹ̀kẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́" kò sí nínú rẹ̀, "ṣé kí á lọ" kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ títí di Sátidé, wọ train lọ síbi iṣẹ́ rẹ, kí o sì máa retí wa. Kí Ọlọ́run tó dá ọ sí fún wa nínú ọkọ̀ tèmi máa ṣọ́ ọ nínú tìrẹ.

Bí mo ti fẹ́ ká ìwé náà, ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó fi ìka tọ ibi tí mo kọ ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí. Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ fún un pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò sú mi rí."

Mo ti kọ ọ́.

Bàbá rẹ